Ìsàlẹ̀ Àpò

"Mẹ́rìnlélógún," ni ilẹ̀kùn wí nígbà tí Morádéyọ̀ wọlé.

Ohùn náà kì í ga, kì í sì í rẹlẹ̀. Bó ṣe ń ka ọjọ́-orí ìkókó ló ṣe ń ka ti arúgbó, láìkí ẹnikẹ́ni. Ó ti pé oṣù mẹ́rìndínlógún tí Morádéyọ̀ ti ń gba ẹnu ọ̀nà Ilé Àyẹ̀wò wọlé láràárọ̀, inú sì ń bí i sí ilẹ̀kùn yìí lójoojúmọ́, nítorí iye tó bá kà ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí yóò fọwọ́ kan oúnjẹ nínú ilé náà àti ẹni tí yóò kúnlẹ̀ máa wò.

Àpò kan ṣoṣo ló dúró lóòró lábẹ́ fìtílà ní àárín yàrá, tí wọ́n ti fi èdìdì pupa di ẹnu rẹ̀. Ẹgbàajì irú rẹ̀ wà nínú ilé ìpamọ́ lẹ́yìn ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ oúnjẹ oṣù kan fún ilé kan ní àdúgbò Ẹ̀bá-Ọ̀sà. Láti ìgbà tí òfin ti fòpin sí màlúù, tí omi iyọ̀ sì ti gba oko ẹ̀wà wọn, ìyẹ̀fun amúaradàgbà yìí ni ẹran, òun ni ẹja, òun ni ẹyin. Ilé-iṣẹ́ Aralókun ló ń ṣe é, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń ṣe é.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Adájọ́ wà lórí tábìlì. Kò tóbi ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ, ó funfun, ó ní ihò kan níwájú àti iná kan lókè. Adájọ́ kì í ṣìṣe. Ohun tí wọ́n bá bù fún un ló ń dá lẹ́jọ́.

Morádéyọ̀ rìn yí àpò náà ká. Ó jókòó, ó tún dìde. Ó la àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì wò ó bí ẹni tó ń retí pé kí nǹkan ti yí padà níbẹ̀ lóru. Iná wẹ́wẹ́ mẹ́ta ni wọ́n rì sábẹ́ awọ ibẹ̀ lọ́jọ́ tó gba ìwé-àṣẹ olùyẹ̀wò. Méjì ti kú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bá Adájọ́ jiyàn, ẹ̀ẹ̀mejì ni Adájọ́ sì ti borí. Bí ẹ̀kẹta bá kú, ọwọ́ yẹn kò ní lè tẹ òǹtẹ̀ sí nǹkan kan mọ́ títí ayé rẹ̀.

Ẹ̀rọ inú etí rẹ̀ dún.

"Morádé, ṣé wọ́n ti dé?" Ohùn Títílọlá ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó wà lórí ìlà níta.

"Wọn ò tíì dé. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó o. Ẹ má dúró."

"Jókòó síbo? Tí mo bá jókòó, ta ni yóò gbé mi dìde? Ìyá Látundé nìkan ló rí ìjókòó nínú gbogbo wa, ó sì wà níwájú mi lórí kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀, ó ń bú gbogbo ayé. Ó ní ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún kì í tò. Ó ní tí wọn ò bá tètè ṣílẹ̀kùn, òun á fi kẹ̀kẹ́ òun ṣí i fún wọn."

Morádéyọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. "Ọmọ inú yín ńkọ́?"

"Ó ń ta mí nípàá bí ẹni tó fẹ́ jáde wá gba ààyè tirẹ̀ lórí ìlà."

"Kí lẹ jẹ láàárọ̀?"

"Mo ha ìsàlẹ̀ àpò."

"Mo ti bẹ̀ yín pé kí ẹ má fẹnu kàn án."

"Kí n wá fẹnu kan kí ni? Ẹ̀kọ gbẹrẹfu láti ìjẹta? Inú á run mí díẹ̀, á sì dá. Ọ̀sẹ̀ ìsàlẹ̀ àpò la wà. Ta ni inú ò run?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é ní Ẹ̀bá-Ọ̀sà. Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù ni ọ̀sẹ̀ ìsàlẹ̀ àpò. Àwọn ilé ìwé kì í ṣe ìdánwò nínú rẹ̀, nítorí orí á máa fọ́ àwọn ọmọ. Wọn kì í dá ọjọ́ ìgbéyàwó sí i. Àwọn ìyàwó ilé a máa fi ṣẹ̀fẹ̀ létí kànga, wọ́n á ní ọkọ àwọn di ẹni jẹ́jẹ́ nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ń di ikùn mú kiri ilé. Àìtó oúnjẹ ló fà á, ni gbogbo ènìyàn wí. Ohun tó ń dun Morádéyọ̀ jù nìyẹn: ìlú odindi ti sọ májèlé lórúkọ, wọ́n ti fún un ní àyè tirẹ̀ nínú oṣù, wọ́n sì ń fi í rẹ́rìn-ín.

Ó ti bu ìyẹ̀fun láti ìsàlẹ̀ àpò Títílọlá ní ìjẹta, ó pò ó mọ́ omi, ó sì ti pépà àyẹ̀wò bọ̀ ọ́. Pépà náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Èyí tó ti kọ́kọ́ bù láti ẹnu àpò kan náà, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, kò yí pépà padà rárá. Ó ṣe é nígbà méje. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọkọ̀ ojú omi fi ń gbé àwọn àpò náà bọ̀ láti ilé-iṣẹ́, tí ẹ́ńjìnnì sì ń gbọ̀n wọ́n tọ̀sán-tòru. Ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ kúnná fúyẹ́. Eruku ilẹ̀ oko Aralókun, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì nígbà kan, tí wọ́n kó mọ́ ẹ̀wà náà, wúwo. Bí àpò bá ṣe ń gbọ̀n ni èyí tó wúwo ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí òkè á sì mọ́ tóní.

Ṣùgbọ́n àpò tí wọ́n ti ṣí nílé kì í ṣe ẹ̀rí. Òfin Ọwọ́ Àgbà sọ bẹ́ẹ̀. Àpò tí èdìdì rẹ̀ kò tíì já, tí wọ́n ṣí nínú Ilé Àyẹ̀wò, tí ẹni tó dàgbà jù nínú yàrá sì fọwọ́ ara rẹ̀ bù fún Adájọ́, òun nìkan ni ẹ̀rí.

"Méjìlélọ́gbọ̀n," ni ilẹ̀kùn wí. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, "Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin."

Ọ̀gbẹ́ni Dáyísí, aṣojú ilé-iṣẹ́ Aralókun, ló kọ́kọ́ wọlé. Ó ti fi ọwọ́ kan di apá Alàgbà Fátúnsìn mú bí ẹni tó di ẹyin mú. Ọ̀gá ilé ìwé ni Alàgbà Fátúnsìn kó tó fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe fún Aralókun láti ọdún mọ́kànlá wá: kó wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó sì jẹ́ ẹni tó dàgbà jù nínú yàrá.

Morádéyọ̀ kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Dìde, ọmọ mi. Ojú rẹ pọ́n. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ kì í sùn."

"Oorun ò gbé mi ni, Bàbá."

"Mo rí i. O dà bí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ka ìwé tí ìdánwò sì dé."

"Mo ka ìwé mi, Bàbá. Ìdánwò ni kò bi mí ní ohun tí mo kà."

Bàbá wò ó dáadáa, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Dáyísí kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga fún Bàbá, ó yọ ṣíbí fàdákà kúrúkúrú kan nínú àpótí rẹ̀, ó sì fi í sí Bàbá lọ́wọ́. "Ẹ rọra o, Bàbá. Òkè náà ni kẹ́ ẹ ti bù ú. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹ̀yìn yín."

Oṣù mẹ́rìndínlógún ni Morádéyọ̀ ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹ́ yẹn. Lónìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó ń ṣe. Ṣíbí náà kò gùn ju ìka lọ. Ẹ̀yìn Bàbá kò gbọdọ̀ tẹ̀. Wọ́n ti fi ọ̀wọ̀ gé apá arúgbó náà kúrú.

"Bàbá," ló wí, "mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká bu ti òní láti ìsàlẹ̀."

Dáyísí yíjú sí i. "Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ló fẹ́ kọ́ Bàbá bí wọ́n ṣe ń bu oúnjẹ?"

"Bàbá ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló wà nísàlẹ̀?" Alàgbà Fátúnsìn béèrè.

"Òjé ni, Bàbá."

Ọwọ́ arúgbó náà dúró lórí ṣíbí. Dáyísí sọ̀rọ̀ kí ó tó lè tún béèrè nǹkan mìíràn, ohùn rẹ̀ sì tutù bí ti dókítà. "Ẹ̀rí ńkọ́? Àpò tí wọ́n ti ṣí nílé láti oṣù kan? Ta ló mọ ohun tí wọ́n dà sí i? Tí o bá fẹ́ jiyàn, Adájọ́ rèé, jẹ́ kí Bàbá bù, kí o sì tún jiyàn lẹ́yìn náà. Iná kan ló kù lọ́wọ́ rẹ, àbí mo ṣì í kà?" Ó sún mọ́ ọn. "Jẹ́ ká tilẹ̀ sọ pé o borí. Òfin ní kí ilé ìpamọ́ tì fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Kì í ṣe àpò kan, gbogbo ẹgbàajì ni. Mo gbọ́ pé ìwọ náà ní aboyún kan lórí ìlà yẹn."

Morádéyọ̀ rìn kúrò níwájú rẹ̀. Ó rìn dé ògiri, ó padà. Gbogbo ohun tí ọkùnrin náà sọ ló jẹ́ òtítọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe ń jí ènìyàn gbé: ó ń fi òtítọ́ dì í ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀.

"Ṣe ètò rẹ ká parí," ni Dáyísí wí. "Béèrè ìbéèrè òfin."

Ìbéèrè òfin. Kí àgbà tó bu ìyẹ̀fun, olùyẹ̀wò gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà, kó béèrè bóyá ẹni tó dàgbà ju àgbà náà lọ wà níta. Morádéyọ̀ ti ń kùn ún lẹ́nu sí ilẹ̀kùn títì lóṣooṣù bí ẹni tó ń gbàdúrà tí kò gbà gbọ́. Kò sẹ́ni tó tíì dáhùn rí. Ta ni yóò dáhùn? Àwọn ènìyàn Ẹ̀bá-Ọ̀sà kì í pẹ́ láyé. Aralókun ti wo ìwé ìbí àdúgbò náà, wọ́n rí i pé kò sí ẹni tó kọjá ọgọ́rin ọdún níbẹ̀, wọ́n sì wá ẹni tó kọjá a.

Ìwé ìbí. Ìyá Látundé kò sì jẹ́ ọmọ àdúgbò yìí. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló kó wá láti òkè odò ní ọdún tó kọjá, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ àti èébú rẹ̀.

Morádéyọ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́wọ́ lé irin ilẹ̀kùn. Kò tíì ṣí i. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ etí. "Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo bá ṣe ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí, ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ẹ ò ní rí ìyẹ̀fun."

"Ọmọ yìí ò ní dúró dìgbà yẹn," ni Títílọlá wí. "Kí ni mo fẹ́ jẹ tí ọmú á fi sẹ̀?"

"Tí mi ò bá ṣe é, òjé ni ẹ óò fún un mu."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Kí lo wá ń bi mí sí?" Ohùn rẹ̀ le. "Má gbé e lé mi lórí, Morádé. Ìwọ lo kàwé rẹ̀."

Ó ṣí ilẹ̀kùn.

Oòrùn wọlé, òórùn ọ̀sà bá a wọlé. Ìlà náà gùn dé orí afárá, ẹnìkọ̀ọ̀kan di igbá tàbí garawa mú. Morádéyọ̀ sọ ìbéèrè òfin sókè dé ibi tí ẹni tó wà lórí afárá fi yíjú. "Ǹjẹ́ ẹnìkan wà níhìn-ín tó dàgbà ju ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin lọ, tó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ bu oúnjẹ ìlú?"

Wọ́n ń wo ara wọn. Wọn kò gbọ́ ọ rí.

"Ta ló rántí pé mo dàgbà," ni ohùn kan dáhùn nísàlẹ̀, "lẹ́yìn tí wọ́n ti sá mi sóòrùn bí ẹ̀gẹ́ látàárọ̀?"

"Ẹ dákun, Màmá. Ẹ wọlé."

"Mo fẹ́ wọlé. Ṣé èmi ni mo ti ilẹ̀kùn ni? Títílọlá, tì mí."

Títílọlá kò lè tì í pẹ̀lú ikùn rẹ̀, nítorí náà Morádéyọ̀ fúnra rẹ̀ ló fa kẹ̀kẹ́ náà kọjá ìloro.

"Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún," ni ilẹ̀kùn wí.

Dáyísí dúró gbagidi. "Kò sí irú iye bẹ́ẹ̀ nínú ìwé àdúgbò yìí."

"Wọ́n ṣí wá ni," ni Morádéyọ̀ wí. "Ilẹ̀kùn kì í ka ìwé. Ènìyàn ló ń kà."

Alàgbà Fátúnsìn ti ṣí fìlà. Láti ọdún mọ́kànlá, kò tíì jẹ́ àbúrò ẹnikẹ́ni nínú yàrá kankan, ojú rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ó tẹ orí ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì na ṣíbí náà. "Ẹ kú àbọ̀, Màmá. Ẹ̀yin lẹ ni í."

Morádéyọ̀ já èdìdì pupa náà níṣojú gbogbo wọn. Dáyísí ti dé ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́. "Màmá, òkè náà ni kẹ́ ẹ ti bù ú o. Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

"Orí ìjókòó ni mo wà, níbo ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀?" Ìyá Látundé yẹ ṣíbí náà wò, ó ju ú sórí itan. "Kí lèyí? Ti ìkókó?" Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè dé èjìká. Apá náà tín-ín-rín, ó gùn. Ó tì í bọ inú àpò, ó ń lọ, ó ń lọ, títí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi kan etí àpò. "Nílé, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ló ń jẹ òkè. Ìsàlẹ̀ ló máa ń kù fún arúgbó. Òun ni mo mọ̀ ọ́n bù."

Ẹ̀kúnwọ́ kan ló mú jáde. Ìyẹ̀fun tó ṣì wà lẹ́nu àpò funfun. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dà bí eérú.

Ó dà á sínú ihò Adájọ́, ó sì gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù.

Adájọ́ máa ń ka èjìdínlógún kí iná rẹ̀ tó di àwọ̀ ewé. Morádéyọ̀ ń kà á. Ó kà á kọjá èjìdínlógún. Ó kà á kọjá ọgbọ̀n. Iná náà pupa.

"Òjé," ni Adájọ́ wí. "Ìlọ́po mọ́kàndínlógún ohun tí òfin gbà. Ọwọ́ olùyẹ̀wò."

Pátákó òǹtẹ̀ yọ jáde lábẹ́ tábìlì, ó ń dúró de àtẹ́lẹwọ́.

"Má tíì fi ọwọ́ kàn án," ni Dáyísí wí. Ìtutù ti lọ kúrò nínú ohùn rẹ̀. Ó ń sáré sọ̀rọ̀. "Gbọ́ mi. Tí o kò bá fọwọ́ kàn án, ìdájọ́ náà kò tíì bẹ̀rẹ̀. A óò ro gbogbo àpò yìí pọ̀, òjé náà á tàn ká, kò ní pọ̀ níbì kan mọ́. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, a óò fọ ẹ̀wà rẹ̀ dáadáa. Jẹ́ kí wọ́n jẹun lónìí. Wo ìta. Wo wọ́n."

Morádéyọ̀ wò wọ́n. Ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀, Títílọlá sì wà ní ẹnu ìloro pẹ̀lú igbá òfìfo, ọwọ́ kejì lábẹ́ ikùn. Ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ó rò ó bí ẹni tó ń rò ó fún ìgbà àkọ́kọ́: kì í ṣe nọ́ńbà, bí kò ṣe àárọ̀ kan, lẹ́yìn náà àárọ̀ mìíràn, pẹ̀lú ẹ̀kọ gbẹrẹfu nínú gbogbo wọn. Ó fẹ́ kí ẹnìkan pàṣẹ fún un. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ.

Ó gbé ọwọ́ lé e.

Àwọn irin ilẹ̀kùn ilé ìpamọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ lẹ́yìn ògiri, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, lọ́nà jíjìn. Lórí ìlà, àwọn tó mọ ìró yẹn kígbe mọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n.

Dáyísí kó àpótí rẹ̀, ó sì jáde láìdágbére. Ó gbàgbé ṣíbí rẹ̀. Alàgbà Fátúnsìn kò tẹ̀lé e. Ó jókòó, ó ń wo eruku aláwọ̀ eérú tó kù nílẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Wọ́n ní kí n má bẹ̀rẹ̀," ló wí. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. "Mo rò pé wọ́n ń kẹ́ mi ni."

Títílọlá kọjá ìloro láìtọrọ ààyè.

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n," ni ilẹ̀kùn wí. Ọmọ tó wà nínú rẹ̀, ilẹ̀kùn kò kà á.

"Ṣé ó wà níbẹ̀?" ló bi àbúrò rẹ̀.

"Ó wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Láti ìgbà wo?"

Morádéyọ̀ yíjú sí arúgbó náà, nítorí òun ni ìdáhùn náà tọ́ sí.

"Ọdún mọ́kànlá," ni Alàgbà Fátúnsìn wí. Ó fi ọwọ́ ti orúnkún, ó dìde díẹ̀díẹ̀, láìsí ẹni tó di apá rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀, ó tẹ ẹ̀yìn tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ tẹ̀, ó di ẹsẹ̀ àga rẹ̀ mú, ó sì fà á jẹ́jẹ́ títí tó fi dé ẹ̀yìn aboyún náà.

"Jókòó, ìyá mi," ló wí fún un.